Ọmọrí Irin àti Ilé Ọmọ́yẹlé

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Ignatius Akinolúwa ti ń purọ́ nípa ojú rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé tó fura.

Irọ́ náà kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń jókòó pète. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, bí omi òjò tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Tí Moríyọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, imú ni bàbá náà fi ń mọ ohun tó wà nínú abọ́, yóò sì ní, "Ẹ̀fọ́ yìí mà dára lójú o." Tí àlejò bá wọlé, yóò pa ẹnu mọ́ títí onítọ̀hún yóò fi kí i, yóò wá fi ohùn dá a mọ̀, yóò tún bá a wí pé, "Mo ti rí ọ láti òkèèrè, mo kàn ní kí n wò ó bóyá o máa kí mi ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ó mọ iye ìṣísẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì mọ iye tó wà láti ẹnu ọ̀nà dé orí àga rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Moríyọ̀, níwájú ilé wọn ní Odòde. Dókítà ojú ní Àkúrẹ́ ti sọ fún un lọ́dún tó kọjá pé ohun tí àìsàn yìí bá ti mú lọ, kò ní dá a padà. Òun nìkan ló dá lọ, òun nìkan ló dá bọ̀. Láti Kérésì, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló ṣẹ́kù fún un: níbi tí fèrèsé wà, ibi funfun, níbi tí èèyàn bá dúró sí, ibi dúdú.

Nítorí ilé kan ṣoṣo ló ṣe ń purọ́.

Nígbà tí àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, a kò tíì bí Ignatius. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà díẹ̀ wà tí wọ́n kọ̀ tí wọn kò sọ̀. Ọmọ́yẹlé, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, wà nínú wọn. Ó ní ibi tí wọ́n sin ọkọ òun sí ni òun náà yóò sùn. Láti ìgbà tí Ignatius ti pé ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń rán an sí i, iṣu àti epo lórí, àtẹ̀gùn òkè níwájú, òfúrufú lẹ́yìn. Nígbà tó pé mẹ́sàn-án, ìyá àgbà kú. Ọkùnrin mẹ́rin ló gun òkè lọ gbẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú báyìí. Kí ó tó kú ni ìyá náà ti fi ọwọ́ rẹ̀ gbígbẹ di ọmọ náà lọ́rùn ẹsẹ̀ mú, ó sì sọ fún un ní èdè Ìdànrè, èdè tí àwọn ọmọ òde òní ń gbọ́ tí kò sì dùn lẹ́nu wọn mọ́, pé, "Ẹsẹ̀ rẹ ló mọ ilé yìí jù. Ìwọ ni kí o máa fi ibi tí mo wà hàn wọ́n."

Kò fi han ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí ilé ìwé, ìjọba gbà á láti máa yẹ kòkó wò, ó ti Ofosu dé Oǹdó, ó ti Oǹdó dé etí òkun l'Ékòó, ogójì ọdún. Gbogbo ìgbà tó bá wálé, ó máa ń gbé ojú sókè wo òkè náà, yóò sì ní, lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó wá padà wálé pátápátá, orúnkún rẹ̀ ti kọ àtẹ̀gùn.

Moríyọ̀ ló gun òkè dípò rẹ̀. Ọmọ náà ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ń tẹ ìwé fún àwọn ará ìlú, ó ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó lo ọjọ́ márùn-ún lórí òkè, ó ya àwòrán gbogbo àlapà tó wà níbẹ̀. Ó kó wọn wá fún bàbá. Nígbà yẹn ojú bàbá ṣì ń ríran díẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri tó ti wó kò yàtọ̀ sí ògiri tó ti wó. "Ṣé èyí ni, Bàbá?" "N kò mọ̀." "Èyí ńkọ́?" "N kò mọ̀, ọmọ mi." Moríyọ̀ wá ní nǹkan kan wà tí kọ̀ǹpútà lè ṣe: ó lè so ẹgbẹ̀rún méjì àwòrán pọ̀, kí wọ́n di ìlú kan tí èèyàn lè máa rìn nínú rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, kí ó yà sọ́tùn-ún, kí ó yà sósì, bí ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an. Inú Ignatius dùn dé bi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ojú ti lọ.

Ó yẹ kí ó sọ nígbà náà. Kò sọ.

*

"Ó ti kú," ni Moríyọ̀ wí.

"Ta ló kú?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá. Ó tún ti pa ara rẹ̀. Ìgbà kẹrin rèé."

Ignatius jókòó sórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ ibi tí ohùn ti ń wá. "Fi fáànù sí i."

"Fáànù ńlá inú ilé yẹn ló ń fẹ́ sí i láti àárọ̀. Àbí ẹ ò rí i ni?"

Ignatius wúkọ́ díẹ̀. "Mo rí i. Mo ní kí o sún un mọ́ ọn ni."

Moríyọ̀ mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún un, nítorí bàbá fẹ́ràn láti mọ ìdí nǹkan. Pròsẹ́sọ̀ ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Tí ooru rẹ̀ bá ti dé ọgọ́rùn-ún, á pa gbogbo nǹkan kí ó má baà jóná.

"Kò wá lè rọra ṣe é? Ẹni tó rọra rìn náà ń dé ibi tó ń lọ."

"Tó bá rọra ṣe é, á gba wákàtí mẹ́rìnlá. Iná tí mo ní, ti oòrùn, ti bátìrì, àti ti jẹnẹrétọ̀ kékeré yìí, tí mo bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, mọ́kànlá ni. Ibi tí iṣẹ́ dé yìí kò sì ṣeé dá dúró láàárín. Tí iná bá lọ, ìbẹ̀rẹ̀ la máa padà sí. Ṣebí mo gbé e lọ Àkúrẹ́ níjelòó, iná wọn ò lọ ní wákàtí keje? Àfi kí n mú un sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó máa sáré lọ. Tó bá sì ń sáré, á máa gbóná."

"Èwo ni ṣíṣe?"

Ó gbọ́ tí ọmọ náà fa àga mọ́ ọn. "Ọmọrí irin kan wà lórí pròsẹ́sọ̀ yẹn. Ọmọrí náà ló ń gba ooru lọ́wọ́ ọpọlọ tó wà lábẹ́ ẹ̀, tó ń gbé e fún fáànù. Péèsì kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì tó ń jẹ́ kí ooru kọjá. Tòkunbọ̀ ni tèmi. Péèsì inú ẹ̀ ti gbẹ bí ẹ̀bà àná. Ooru ò rọ́nà jáde. Mo fẹ́ ṣí ọmọrí yẹn, kí n nu èyí tó gbẹ kúrò, kí n fi irin olómi tí Bùrọ̀dá Ṣeun fi ránṣẹ́ láti Èkó rọ́pò ẹ̀. Ooru á wálẹ̀. Mo lè wá tẹ eré mọ́ ọn."

"Àwọn tó ṣe é, ṣé wọ́n ní kí a máa ṣí i?"

"Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa."

"Tí kò bá wá ṣí dáadáa ńkọ́?"

"Á kú. Ọpọlọ tó wà lábẹ́ ọmọrí yẹn ò ju èékánná lọ, bíi gíláàsì ló rí. N ò ní òmíràn, Bàbá, òun náà sì ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ. Ojú yín náà kì í ṣe ojú ọmọdé. Mo fẹ́ kí ẹ rí i nígbà tí ẹ ṣì ń ríran."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ignatius lára bí ẹ̀gún. Ó la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó gbọ́ tí bébà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń tú nǹkan tó mú.

"Kí lo mú lọ́wọ́ yẹn?"

"Abẹ ni."

"Gbé pròsẹ́sọ̀ náà fún mi ná."

Moríyọ̀ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fúyẹ́, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ignatius fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí po. Ọwọ́ yìí ni ó fi yẹ kòkó wò fún ogójì ọdún. Kó tó fi ọ̀bẹ gé èso kan, ọwọ́ ti máa ń sọ fún un bóyá ó gbẹ, bóyá ó ti bàjẹ́. Ó bá ojú ibi tí irin ti pàdé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀, ó bá gọ́ọ̀mù, líle díẹ̀, rírọ̀ díẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ pé abẹ ni wọ́n fi ń ṣí i?"

"Mo wo àwọn tó ń ṣe é lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, abẹ ni wọ́n ń lò."

"Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí kòkó rí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì pẹ́. "Ní Ofosu, wọ́n gbé àpò kòkó kan wá bá mi. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ní, àdá lẹ fi la èyí. Ẹni tó ni ín búra, ó fi orí ìyá rẹ̀ búra. Mo gé ogún èso níwájú ẹ̀, ẹ̀bu funfun ti hu nínú mẹ́jọ. Àwọn lébìrà tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí àdá yá. Ṣùgbọ́n ojú àdá á kan èso, ibi tó bá kàn ni ìdíbàjẹ́ á gbà wọlé. Kùmọ̀ la fi ń fọ́ kòkó, Moríyọ̀. A óò lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, a óò yí i lọ́wọ́, á là fúnra ẹ̀, ọmọ inú ẹ̀ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá ní ọmọ nínú, a kì í fi ojú irin wá a kiri."

"Ṣé kí n wá fi kùmọ̀ lu pròsẹ́sọ̀ ni?" Ohùn rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

"N kò ní kí o lù ú, aláìgbọ́n. Mo ní kí o má gé e. Ìjà ẹ kì í ṣe pẹ̀lú irin, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù ni. Ti ọmọrí yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tì í, tì í, kí gọ́ọ̀mù jọ̀wọ́ ara ẹ̀."

Moríyọ̀ ká abẹ padà sínú bébà. "Mo rí àwọn kan tó ṣe é báyẹn. Wọ́n fi fáìsì ṣe é."

"Olútúndé wẹ́dà ní fáìsì."

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá."

*

Ignatius gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ náà, ó ní orúnkún ń dun òun. Òórùn irin jíjó ló kọ́kọ́ kí wọn, ohùn Olútúndé tẹ̀ lé e.

"Bàbá Ìnsípẹ́kítọ̀! Ẹ káàbọ̀ sà. Moríyọ̀, kí lẹ gbé wá? Géètì ni àbí bẹ́ẹ̀dì?"

Moríyọ̀ la ọwọ́ rẹ̀.

"Bíṣíkíìtì ni?"

"Bíṣíkíìtì tó ń bọ́ mi ni, Bùrọ̀dá Olútúndé. Tí ẹ bá fọ́ ọ, ilé yín ni mo ti máa máa jẹun."

"Kò burú. Ìyàwó mi á kọ́kọ́ wò ó bóyá o mọ iyán gún."

Nígbà tí Moríyọ̀ ṣàlàyé ohun tó fẹ́, àwàdà kúrò lẹ́nu Olútúndé. Ó pa ẹ̀rọ tó fi ń jó irin. Ó nu ẹnu fáìsì náà nù, irin ńlá tó ń fún nǹkan mọ́ra bí eyín, ó sì wá pátákó pẹlẹbẹ kan tí yóò wà láàárín irin àti ọmọrí náà. Moríyọ̀ tò ó: ẹnu fáìsì kan di pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ mú létí, pátákó igi sì ti ọmọrí láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ń sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá bó ṣe ń tò ó. Kò mọ̀ pé bí kò bá sọ ọ́, bàbá kò ní mọ ohunkóhun.

"Èmi ni kí n yí i àbí ìwọ?" Olútúndé béèrè.

"Èmi ni."

Ignatius gbọ́ tí ọwọ́ fáìsì náà kọ́kọ́ dún, kíẹ̀n.

"Moríyọ̀, dúró."

Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì, ariwo rẹ̀ lọ tán.

"Bàbá?"

Ó wà ní ẹnu rẹ̀. N kò ríran, Moríyọ̀. Gbé e kúrò níbẹ̀, n kò ríran. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ gbígbẹ Ọmọ́yẹlé lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí òun bá sọ ọ́, wọn yóò gbé e kúrò ní fáìsì lóòótọ́. Àwọn ọmọ òun ní Èkó àti Àkúrẹ́ yóò gbọ́, wọn yóò ní kí Bàbá sinmi. Lẹ́yìn ìsinmi yẹn, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè ilé kankan lórí òkè mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ni ó wí.

Ó ṣe àmì àgbélébùú, Olútúndé tó jẹ́ ọmọ ìjọ mìíràn sì ṣe àmín kíkankíkan. Nínú gbogbo àdúrà tí Ignatius ti gbà rí láyé, èyí nìkan ló fi bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ojú tì í níwájú Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Moríyọ̀ ń yí i. Ìdajì yíyí, ó dúró. Díẹ̀ sí i, ó dúró. "Ó ti ń mì," ni Olútúndé sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà lẹ́bàá ọmọ tó ń sùn. Díẹ̀ sí i.

Kó!

Ìró náà kéré, ó gbẹ, bí ekùrọ́ tó là. Ignatius ti gbọ́ ìró yẹn rí, ní ibì kan, ní ọjọ́ pípẹ́. Kò ráyè rántí ibẹ̀.

"Ó ti fọ́?" ló bi wọ́n.

Ó gbọ́ tí Moríyọ̀ ń tú fáìsì, ó gbọ́ tí ó ń mí. Ó tó ìgbà tí èèyàn lè ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run tán.

"Ó ṣí," ni Moríyọ̀ wí. "Bàbá, ó ṣí. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára ẹ̀. Ẹ wò ó."

Ó gbé e sí iwájú rẹ̀. Ignatius tẹrí ba síbi tí ọwọ́ ọmọ náà wà. "Ó dára," ni ó wí. "Ó dára púpọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù, Moríyọ̀ fi káàdì báńkì àtijọ́ ha gọ́ọ̀mù kúrò, ó nu péèsì gbígbẹ tó ń já bọ́ bí eérú. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kun àwọn irin tín-ń-tìn-tín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ náà, kí irin olómi má baà kàn wọ́n, nítorí ìkán rẹ̀ kan ṣoṣo lè pa gbogbo rẹ̀. Òórùn kútẹ́ẹ̀sì gba gbogbo ilé. Ó wá kán irin olómi náà sí i, ó fi òwú tẹ́ ẹ kárí, ó dá ọmọrí padà.

*

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó ga, Moríyọ̀ tan ẹ̀rọ náà. Ó fi eré kún eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró wò ó. Ó tún fi kún un. Gbogbo ìgbà tó bá ti wo iye ooru, ó ń pè é sókè: "Àádọ́rin ó lé méjì. Bàbá, tẹ́lẹ̀ ọgọ́rùn-ún ló ń lù!" Ó fi bébà lẹ ẹnu ọ̀nà pé òun kò ṣiṣẹ́ lónìí. Ignatius jókòó, ṣaplẹ́tì, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀, lọ́wọ́, ó ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń súfèé láìdúró. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí iṣẹ́ náà parí. Nígbà tó bá tún di ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má tètè parí.

Ó parí nígbà tí wákàtí mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Moríyọ̀ kígbe. Ó di bàbá àgbà rẹ̀ mọ́ra, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ wò ó. Gbogbo òkè ló wà níbí. Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ rèé níwájú wa. Ibo la ń gbà?"

Iwájú Ignatius funfun. Funfun yẹn mì díẹ̀, ó dúró.

"Bàbá? Ṣé apá òsì ni?"

Ignatius na ọrùn sún mọ́ funfun náà.

"Ẹ fi ìka hàn mí."

Ó na ìka rẹ̀. Ìka náà kọjá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó ń nà sí ògiri. Kò mọ̀ títí ọmọ náà fi di ìka náà mú, tó sì dì í mú pẹ́.

"Láti ìgbà wo?" ni Moríyọ̀ béèrè.

"Láti Kérésì."

"Láti Kérésì." Ohùn rẹ̀ fẹ̀sọ̀ bọ́ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé ohun tí mo fi ń jẹun sẹ́nu fáìsì, ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò ní rí i."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Bí mo bá sọ, wàá dáwọ́ dúró. Ilé náà ti sọ nù nìyẹn."

"Ẹ ò bi mí bóyá màá dáwọ́ dúró."

Ó dìde. Ignatius gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jáde lọ, tí ó sì dúró níta, lábẹ́ òrùlé. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe fáànù. Ó ti yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò wò, ó ti fi òǹtẹ̀ kọ irọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ta ni yóò gé tirẹ̀ sí méjì?

Ó yọ ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nínú bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tutù. Ó rántí bí orí àpáta ṣe máa ń tutù lówùúrọ̀ tí a bá kọjá ilé ẹ̀kọ́ náà, àti bí a ṣe máa ń yà kúrò lórí rẹ̀ kí iṣu má baà yẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ló mọ ilé yìí jù. Ọmọ́yẹlé kò dárúkọ ojú. Láti ọjọ́ yẹn wá, òun fúnra rẹ̀ ló fi ojú kún ọ̀rọ̀ náà.

"Moríyọ̀!"

Ẹsẹ̀ níta kò kúrò lójú kan.

"Moríyọ̀, n kò bẹ̀ ọ́ pé kí o má bínú. Wá bá mi rìn."

Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ tó padà. Àga dún. Ó jókòó.

"Dúró sí igun ilé ẹ̀kọ́ yẹn, èyí tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Fi ẹ̀yìn rẹ tì í. Ogójì ìṣísẹ̀, tààrà. Wàá bá àpáta kan tí kò ṣeé gùn, tí wọ́n ń yí ká."

"Mo ti kà á. Àpáta ti wà lẹ́yìn mi. Mo ti kọjá ọ̀nà tó yí i ká."

"O kò lè kọjá ẹ̀."

"Ẹ̀rọ máa ń la òkúta kọjá. Inú igbó ni mo wà, Bàbá. Kò sí ilé kankan níbí."

Ignatius tún kà á lábẹ́ ahọ́n, ogójì, ogójì ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ bó ṣe ń kà. Moríyọ̀ wo ẹsẹ̀ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohùn rẹ̀ rọ̀ láti ìgbà tó ti padà wọlé.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà yẹn?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ẹrù ń bẹ lórí yín?"

"Iṣu ni. Àti epo."

"Ìṣísẹ̀ èmi àgbà ni mo ń kà fún yín." Ó tẹ nǹkan, ó tún tẹ nǹkan. "Mẹ́ta ti ọmọ ẹlẹ́rù ò ju méjì tèmi lọ. Ó yá. Ẹ jẹ́ ká padà sí igun ilé ẹ̀kọ́."

Wọ́n padà síbẹ̀. Wọ́n rin ogójì ìṣísẹ̀ ọmọdé. "Àpáta rèé," ni Moríyọ̀ wí, "ọ̀nà tó yí i ká wà lẹ́sẹ̀ mi." Wọ́n yí i ká lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìṣísẹ̀ méjìlélógún, ilẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. "Ẹsẹ̀ yóò kan àpáta pẹlẹbẹ," ni Ignatius wí. "Ó wà níbẹ̀, Bàbá, koríko ti bo ìdajì ẹ̀." Wọ́n yà sósì. Mẹ́tàdínlógún.

"Dúró," ni ó wí. "Kí lo rí?"

"Ògiri tó wó. Ibi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn."

"Kí ló tún wà?"

"Kí lẹ ń wá gan-an?"

Kò sọ fún un. Ẹni tó ń yẹ kòkó wò kì í sọ ohun tó ń wá fún ẹni tó gbé àpò wá. "Sọ ohun tó o rí fún mi."

"Igi kékeré kan hù láàárín yàrá. Òkúta pọ̀. Ọ̀kan... ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Òkúta kan wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹrẹsẹ ni. Ó ní ihò lójú. Ihò kéékèèké. Kì í ṣe òjò ló gbẹ́ ẹ, ó rí roboto jù."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta. Èyí tó wà láàárín ló jìn jù."

Ignatius gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún rẹ̀. Kó! Ó ti wá rántí ibi tó ti gbọ́ ọ: ìyá arúgbó kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀, ekùrọ́ kan nínú ihò àárín, òkúta lọ́wọ́, kó, kó, kó, bí ọmọ tó ru iṣu ṣe ń yọ lókè àpáta. Ìró yẹn ló máa ń gbọ́ kí ó tó rí ilé.

"Òun ni," ni ó wí. "Ibi tí igi yẹn hù sí, ibẹ̀ ló wà."

Moríyọ̀ di ìka rẹ̀ mú, ó gbé e lé ojú ẹ̀rọ náà, lé orí ibi kan tí bàbá kò rí. Gíláàsì náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí bátìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé iná òun ti ń tán.

"Mo ti tọ́jú ẹ̀, Bàbá. Ẹ má ṣèyọnu." Ó pa ẹ̀rọ náà. Fáànù yí, ó rọra yí, ó dúró.

"Inú ẹ̀rọ lo tọ́jú ẹ̀ sí," ni Ignatius wí. "Ẹ̀rọ á kú. Sọ ọ́ fún mi."

Inú ṣì ń bí Moríyọ̀. Bàbá gbọ́ ọ nínú bó ṣe ń mí, ó sì mọ̀ pé ìbínú náà tọ́ sí òun. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀.

"Igun ilé ẹ̀kọ́, èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn. Ogójì, dé àpáta. A yí i ká lọ́wọ́ ọ̀tún. Ogún, ilẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́..."

"Méjìlélógún."

"Méjìlélógún," ni Moríyọ̀ wí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.